Ewé Kan Tí Kálàmù Fà Ya

Nílé tí ẹnì kan bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, áyọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ máa ń jìyà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé aránṣọ kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jáde nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àmọ́ ó ti lọ ṣòkòtò kan náà débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlà tó wà níwájú rẹ̀ lè gé búrẹ́dì.

Kálàmù ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Nílé ẹ̀kọ́ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò mọ ìbọn ta ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, eré sísá rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n bó bá fi bírò kan ìwé, ẹni tó ń kọjá á dúró wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ìwé àpò tó mọ́ jù lọ.

Ìwé àpò yìí ni ìwé kékeré tí ọlọ́pàá máa ń kì bọ àpò àyà rẹ̀. Ohun tó bá fojú rí, ohun tó bá fetí gbọ́, ibi tó ti rí i àti aago tó rí i, inú rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Láti ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan pamọ́. Kálàmù mọ gbogbo èyí. Nígbà ìdánwò, máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló gbà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ nǹkan fún ìdánwò, ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ ọ́n nígbà tí òjò bá ń pa á.

Òjò ló sì ń rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀, òjò wínníwínní tí kì í dá, tí kì í sì í le. Ọ̀gá àgọ́ rán Kálàmù àti awakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan tí wọ́n ní olè jà mọ́jú. Awakọ̀ wo òjò, ó wo bàtà ara rẹ̀, ó ní òun á máa ṣọ́ ọkọ̀. Kálàmù nìkan ló sọ̀kalẹ̀.

Ó yí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Gíláàsì fèrèsé kan ti fọ́ níbẹ̀. Bó ṣe sún mọ́ ọn, nǹkan rún kẹ́kẹ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rí i pé àfọ́kù gíláàsì ló kún orí kọnkéré. Ó yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ inú mọ́ féfé. Ó fa ìwé àpò yọ, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí i: aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, fèrèsé ẹ̀yìn fọ́, gíláàsì wà níta lórí kọnkéré, mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nínú ilé, ilẹ̀kùn ò fọ́.

Olóògùn jáde wá bá a. Ọkùnrin tó sanra ni, ó wọ ẹ̀wù funfun gígùn bíi ti dókítà láìjẹ́ dókítà.

“Ta lẹ fura sí, sà?” Kálàmù bi í.

“Èmi ò fura sẹ́nikẹ́ni. Mo mọ̀ ọ́n ni. Atúnfíríìjìṣe ni.”

“Ṣé ẹ rí i ni?”

“Ó ha dìgbà tí mo bá rí eku lójúkojú kí n tó mọ̀ pé eku ló jẹ bàtà mi? Ọ̀sán àná ló wá tún fíríìjì tí à ń kó abẹ́rẹ́ sí ṣe. Òun nìkan ló mọ ẹ̀yìn yìí. Páálí oògùn mẹ́ta ló gbé lọ.”

“Àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù?”

“Èmi, àti àbúrò ìyàwó mi tó ń bá mi tajà. Àna mi ni. Fi ìyẹn sílẹ̀.”

Kálàmù kò fi í sílẹ̀. Ó kọ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìsàlẹ̀ ewé náà, omi òjò ti dà pọ̀ mọ́ íńkì, ìwé ti di aṣọ aláró, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti fi ẹrẹ̀ lù ú ní òǹtẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti mú atúnfíríìjìṣe nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irinṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Kálàmù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wo ewé náà.

“Kí lò ń wò bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́tà ìfẹ́ padà fún?” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

“Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé èyí ṣeé fi han ọ̀gá?”

Aránṣọ na ọrùn. “Kí ló ṣe é? Mo rí i kà.”

“Ẹrẹ̀ ńkọ́? Èmi tí mo gba ẹ̀bùn.”

“Iṣẹ́ ọlọ́pàá lo gbà, àbí iṣẹ́ ẹni tó ń kọ káàdì ìgbéyàwó?”

“Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá rán aṣọ oníbàárà tó wọ́, ṣé ẹ ò ní tú u ni?”

“Màá tú u. Ìwé tí mo kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sí ni mi ò ní fọwọ́ kàn. Tí mo bá yí ìyẹn padà, ọrùn ẹlòmíì ni màá rán mọ́ ọn lọ́rùn.”

Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ẹni tó ń wojú ara rẹ̀ nínú dígí kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kálàmù fa ewé náà ya. Ó ya á sí wẹ́wẹ́, ó fi omi ṣàn án lọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wá jókòó ti ewé tó kàn, ó ń tún ọ̀ràn náà kọ.

Kò sí òjò, kò sí ẹrẹ̀, tíì gbígbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ara ṣe tu ọwọ́ rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lara tu ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ ọ́ pé: “Mo bá fèrèsé náà nínú ipò ìbànújẹ́. Gíláàsì fọ́n káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run.” Kò gbèrò láti purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. “Inú ṣọ́ọ̀bù” kàn dùn ún kà ju “orí kọnkéré” lọ ni. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ò sì bá ìràwọ̀ mu, ó fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje àárọ̀ ni ìyàwó atúnfíríìjìṣe ti dé iwájú káńtà àgọ́ ọlọ́pàá. Bẹ́ǹṣì wà, kò jókòó. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà, á ka ìkéde tó wà lára ògiri tó ti kà lẹ́ẹ̀mẹwàá, á tún rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó wà nídìí káńtà ni sájẹ́ǹtì obìnrin kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Ìyá Káńtà ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan ọ̀gá àgọ́.

“Ẹ jókòó, ìyàwó wa,” Ìyá Káńtà sọ.

“Ìdí mi ò gba bẹ́ǹṣì, mà.”

“Ṣé wọ́n sọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú ọkọ yín fún un?”

“Wọ́n ní kó máa bọ̀, pé tó bá dé ọ̀hún á gbọ́.”

Ìyá Káńtà mí kanlẹ̀. “Wọn ò ṣe é dáadáa. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó mọ ìdí tí a fi mú un, ní èdè tó gbọ́, lójú ibẹ̀. Ẹ̀sùn pé ó jalè ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó pe ẹbí tàbí lọ́yà. Ohun tó bá sọ tí a kọ sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé tí wọn ò kọ nǹkan sí fún un pé kó fọwọ́ sí, kó má ṣe é, bó jẹ́ èmi ni mo gbé e wá.”

“Ìgbà wo ló máa wálé?”

“Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ kóòtù. Tó bá débẹ̀ báyìí, ẹ̀wọ̀n ló ti máa dúró de ìgbẹ́jọ́.”

Obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìgbà yẹn ni Kálàmù wọlé. Ṣòkòtò rẹ̀ ń gé afẹ́fẹ́, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí Ìyá Káńtà, ó sì gbé ìwé àpò rẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n lè fi kún fáìlì. Ó rọra ṣí i sí ojú ìwé tó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ìyá Káńtà wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á. Nígbà tó yá, ó dúró.

“‘Bí ìràwọ̀ ojú ọ̀run’,” ó kà á jáde. “Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, mà.” Kálàmù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ìyìn ń bọ̀.

“Òjò rọ̀ láàárọ̀ àná, àbí kò rọ̀?”

“Ó rọ̀, mà.”

“O dúró sínú òjò, ò ń kọ̀wé, ìwé ò sì tutù. Ṣé abẹ́ agboòrùn lo ti kọ ọ́ ni?”

Kálàmù wo bàtà rẹ̀.

“Ka àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí fún mi. Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀jọ.”

“Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá.” Ó dákẹ́.

“Máa kà lọ. Ẹni tó gba ẹ̀bùn ìwé kì í dákẹ́.”

“Ẹ̀tàlá, mà.”

Ìyá Káńtà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ṣẹ́wọ́ sí i kó tẹ̀ lé òun lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Ibo ni gíláàsì wà? Má sọ èyí tó dùn fún mi. Sọ èyí tó o tẹ̀.”

“Níta, mà. Lórí kọnkéré.”

“Inú ńkọ́?”

“Kò sí nǹkan kan nínú.”

“Tó o bá dúró síta, tó o sọ òkúta lu fèrèsé, ibo ni gíláàsì máa dà sí?”

“Inú, mà.”

“Tó bá wá jẹ́ pé ìta ló dà sí?”

“A jẹ́ pé inú lẹni tó fọ́ ọ wà.”

“Ẹni tó wà nínú, tí ilẹ̀kùn ò sì fọ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó gbé ẹrù, ó wá fọ́ fèrèsé ká lè máa wá olè níta. Ṣé o béèrè àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́?”

“Mo béèrè. Olóògùn ní òun àti àbúrò ìyàwó òun ni.”

“Ibo lo kọ ọ́ sí?”

“Inú ewé yẹn, mà.”

“Ewé yẹn dà?”

Kálàmù sọ ibi tó wà fún un. Ìyá Káńtà jókòó lé páálí fáìlì kan, ó sì wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

“Nígbà tí wọ́n ní kí ìwé yín mọ́, kí lo rò pé wọ́n ń sọ?”

“Kó má dọ̀tí, mà.”

“Kó má ní màgòmágó ni. Òjò lè pa á, ẹ̀jẹ̀ lè ta sí i, kò burú. Ẹrẹ̀ ara rẹ̀ gan-an ló máa jẹ́ kí adájọ́ gbà pé o débẹ̀. Tó o bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, fa ìlà kan péré lé e lórí kí wọ́n ṣì lè rí i kà, kó o fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó o bá rántí nǹkan lẹ́yìn náà, kọ ọ́ síbi tó o dé, kó o kọ aago tó o rántí rẹ̀. Tí àdàkọ tó lẹ́wà bá wù ọ́, wá ìwé mìíràn, èyí tó o kọ́kọ́ kọ á ṣì wà níbi tó wà. O kì í fa ewé ya. Kò sí ìdí kankan láyé tí ọlọ́pàá fi ń fa ewé ya.”

“Kí ni kí n ṣe báyìí, mà? Ṣé kí n tún un kọ?”

“O tún fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta?”

Kálàmù mirí pé rárá.

“Ọ̀nà kan ló kù. Lọ bá ọ̀gá kó tó di aago méjì, kó o sọ ohun tó o ṣe.”

“Wọ́n á lé mi níṣẹ́.”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú àtìmọ́lé níbẹ̀ yẹn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìràwọ̀ ló ti òun mọ́lé.”

Aago mẹ́wàá kọjá nígbà náà. Kálàmù lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn ọ̀gá lórí fóònù, ó padà. Ó mu omi. Ó tún ìgbànú dè. Ó lọ, ó padà. Ìyàwó atúnfíríìjìṣe ń rìn bọ̀, òun ń rìn lọ. Àwọn méjèèjì ń gba ara wọn kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà bí ẹni pé wọ́n gbé iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí kò mọ ibi tí yóò tún rìn sí mọ́, ó lọ sídìí àtìmọ́lé. Atúnfíríìjìṣe wà ní ìdúró, ó di irin mú.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, fíríìjì méje tó jẹ́ tàwọn oníbàárà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi kó má jẹ́ kí wọ́n fìdí wọn sókè.”

“Fíríìjì lẹ̀ ń rò?”

“Kí ni kí n máa rò? Inú kíṣíìnì onílé la ti ń ṣiṣẹ́ tiwa. Ìyàwó ilé á ṣílẹ̀kùn fún mi, á bá tiẹ̀ lọ, èmi nìkan á kù síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo nǹkan tí wọ́n ní. Ọdún mọ́kànlá, ṣíbí kan ò sọnù rí. Tí wọ́n bá ti pe èèyàn ní olè lẹ́ẹ̀kan, ta ló tún máa ṣílẹ̀kùn yẹn fún un?”

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kálàmù kúrò níbẹ̀, kò mu omi, kò tún ìgbànú dè, ó kan ilẹ̀kùn.

“Sà, mo fa ewé kan ya nínú ìwé àpò mi.”

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. “Kí ló dé tó o fi fà á ya?”

“Kò dára lójú, sà.”

“Mo ti rí ọlọ́pàá tó fa ìwé ya torí rìbá. Mo ti rí èyí tó fà á ya torí ìbẹ̀rù. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó fà á ya torí ẹwà.”

Kò pariwo. Ó ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ tán. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé atúnfíríìjìṣe lọ kóòtù mọ́, kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa bá ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó wá ní kí Kálàmù jókòó síwájú òun, kó ṣí ojú ìwé tó kàn tí kò tíì kọ nǹkan sí, kó kọ ohun tó ṣe síbẹ̀: ọjọ́ tó fa ewé ya, aago rẹ̀, ìdí rẹ̀, àti ohun tó rántí pé ó wà lára rẹ̀. Ìyá Káńtà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n gbàṣẹ, wọ́n sì lọ yẹ ilé àna olóògùn wò. Páálí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Ká ní ìtàn tí à ń sọ fún ọmọdé ni, à bá pàtẹ́wọ́ níbí, ká sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n ti fà ya kì í padà hù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ àna olóògùn dé kóòtù. Kó tó di ọjọ́ náà, ìyàwó olóògùn ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé, àwa ò sí níbẹ̀, a ò mọ ohun tó sọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé olóògùn dé iwájú adájọ́, ó ní òun ti wá ń rántí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun lòun ní kí àna òun kó páálí wọ̀nyẹn pamọ́. Ó wá ku gíláàsì. Gíláàsì nìkan ló lè sọ pé ẹni tó wà nínú ló fọ́ fèrèsé. Wọ́n pe Kálàmù.

Lọ́yà àna olóògùn jẹ́ obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gba ìwé àpò náà, ó ń ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, ọwọ́ yín mà dára o.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Ojú ìwé kọkànlá àti ìkejìlá dà?”

“Mo fà á ya, mà.”

“Ojú ìwé kẹtàlá ní inú ṣọ́ọ̀bù ni gíláàsì wà, bí ìràwọ̀. Ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún ní ìta ló wà, lórí kọnkéré. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Èwo ni ká gbà gbọ́?”

“Kọnkéré, mà. Mo tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ kọ ìyẹn sínú ewé tó sọnù, àbí?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè torí ìwé tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ti fà ya de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àna olóògùn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Ibẹ̀ ni ìyà ti padà sórí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tí kóòtù ò ti rí olè mú, àdúgbò yan tiwọn. “Ọlọ́pàá kàn tú u sílẹ̀ ni,” ni wọ́n ń sọ nípa atúnfíríìjìṣe. “Ta ló mọ̀?” Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn oníbàárà ń wá gbé fíríìjì wọn, èyí tó ti dáa àti èyí tí kò tíì dáa. Nínú méje, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, torí pé ẹni tó ni ín rìnrìn àjò.

Ọ̀gá àgọ́ ní kí Kálàmù padà sílé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó jókòó láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọjọ́ Ajé ni kó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, kò lè jókòó sílé. Ó kọ lẹ́tà kan pé atúnfíríìjìṣe kò mọ nǹkan kan nípa olè náà, ó fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́, ó sì gbé e lọ bá tọkọtaya náà pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó atúnfíríìjìṣe kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó dára gan-an.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

“Ìdí nìyẹn tí a ò fi fẹ́ ẹ. Ìwé rẹ tó dára ló kó wa sí èyí.” “Ìwọ” ló ti ń pè é báyìí. “Ẹnu ńkọ́, ṣé o ní?”

“Mo ní, mà.”

“Ó yá, jẹ́ ká lọ.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé àwọn tó gbé fíríìjì wọn. Ní ilé àkọ́kọ́, obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn ní ìdajì, ó wo yunifọ́ọ̀mù.

“Ẹ n lẹ́ o. Ṣé èmi lẹ tún wá mú ni?”

“Rárá, mà. Ní ti ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò tó yẹ…” Kálàmù gbé ọ̀rọ̀ mì.

“Sọ̀rọ̀ bí èèyàn,” ìyàwó atúnfíríìjìṣe sọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọkùnrin yìí ò jalè. Èmi ni mo kọ irọ́. Mo fojú ara mi rí gíláàsì níta, mo sì kọ ọ́ pé inú ló wà.”

“Kí ló dé?”

“Ó dùn ún kà ni, mà.”

“Torí pé ó dùn ún kà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Obìnrin náà wò ó láti orí fìlà dé bàtà, ó sì tún gòkè padà. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí atúnfíríìjìṣe tó dúró sẹ́yìn, tí kò tíì sọ nǹkan kan.

“Ẹni tí mo gbé e fún lẹ́yìn rẹ ti bà á jẹ́. Ó ń hó bí ìkòkò, kò sì dì.”

“Ṣé ó máa ń gbóná lẹ́yìn?”

“Ó ń gbóná.”

“Ẹ jẹ́ n wò ó.”

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, ó sì yà fún un kó kọjá sí kíṣíìnì.

Ilé márùn-ún ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni méjì ṣílẹ̀kùn, méjì ní àwọn á rò ó, ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú kí Kálàmù tó la ẹnu. Ìyẹn ṣì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ títí dòní.

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ohun tó o bá rí ni kó o kọ, nígbà tó o rí i, pẹ̀lú aago rẹ̀. Má fo ojú ìwé, má fi àyè sílẹ̀ láàárín, má fi ohunkóhun pa á rẹ́, má sì fa ewé ya bó ti wù kó rí lójú. Tó o bá ti ṣàṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà fún ẹni tó jù ọ́ lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Tó o bá fi í pamọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ á bá ibẹ̀ jáde, ẹni tí kò ṣẹ̀ á sì máa ru orúkọ rẹ̀ kiri.

Ẹ̀yin ará ilé àti ará àdúgbò náà, tí wọ́n bá mú èèyàn yín, ẹ fara balẹ̀ béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ẹ wá ẹbí tàbí lọ́yà tó máa dúró tì í. Kó má fọwọ́ sí ohun tí wọn ò kà sí i létí. Tí ọlọ́pàá bá sì ń ka ohun tó kọ nípa yín, ẹ tẹ́tí dáadáa. Bó bá dùn jù, ẹ ní kó padà lọ wo ilẹ̀.